Awọ Níkẹ́lì fún Orúnkún Bàbá

Ìwọ ọmọ tí o ń ka ìwé yìí, rọra ná. Bí ẹsẹ̀ rẹ bá gbé ọ dé ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń fi iná mànàmáná lẹ awọ dídán mọ́ irin, ká ọwọ́ rẹ sẹ́yìn. Omi inú táǹkì wọn tutù lójú bí ewé ìgbà òjò, ó wu ènìyàn, ṣùgbọ́n májèlé ni. Má tọ́ ọ wò. Má ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Síbẹ̀, kì í ṣe omi yẹn ló yẹ kí o bẹ̀rù jù. Ọwọ́ ara rẹ ni kí o bẹ̀rù, nígbà tí ó bá ń ṣe nǹkan fún ẹni tí o fẹ́ràn, tí kò sì sí ẹni tí ń wò ọ́. Ibẹ̀ gan-an ni kí o ti ṣọ́ra. A ti kìlọ̀ o.

"Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́! Níbo lo wà?"

"Mo wà níbí, Màmá."

"Gbé ṣíbí wá. Kì í ṣe èyí tó tóbi yẹn. Ìbọ̀wọ́ ẹ ń kọ́? Ọmọ yìí, ṣé awọ ọwọ́ ẹ ló sú ẹ ni?"

Ẹni tí ń pariwo yìí ni ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin. Gbogbo àdúgbò ń pè é ní Màmá Níkẹ́lì, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa fi níkẹ́lì, irin funfun kan tó ń dán, bo irin mìíràn, kí irin náà má baà dípẹtà, kí ó má sì tètè jẹ. Ọmọ tí ó ń pè ṣì wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́, ó dà bí ẹni pé yóò tẹ̀lé e lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti ṣaláìsí, òun àti bàbá rẹ̀ nìkan ni wọ́n jọ ń gbé. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá ti pa, ilé iṣẹ́ Màmá Níkẹ́lì ni ó máa ń yà sí láti kọ́ṣẹ́.

Iṣẹ́ ọjọ́ náà kì í ṣe ti oníbàárà. Ti bàbá rẹ̀ ni.

Bàbá Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ní ẹsẹ̀ kan tí Ọlọ́run dá, ó sì ní ẹsẹ̀ kan tí ènìyàn ṣe. Ọkọ̀ ló gba ti tẹ́lẹ̀ lọ kí wọ́n tó bí ọmọ náà. Nínú orúnkún ẹsẹ̀ tí ènìyàn ṣe yìí, ọ̀pá irin kékeré kan wà tí kò gùn ju ìka lọ. Orí rẹ̀ ni orúnkún náà ti ń yí. Ọ̀pá náà ti jẹ. Bí bàbá bá ti gbé ẹsẹ̀, á dún kín-ín. Bí ó bá tún gbé e, kín-ín. Ilé búrẹ́dì ni bàbá yìí sì ti ń ṣiṣẹ́, òun ló máa ń gbé páànù búrẹ́dì gbígbóná láti ìdí ààrò sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn dé ibi tí àwọn tó ń rà á ti ń dúró.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ gbé awò ojú tí bàbá rẹ̀ gbàgbé lọ fún un. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó gbọ́ kín-ín, kín-ín láti inú lọ́hùn-ún, ó sì gbọ́ tí ẹnì kan kígbe pé:

"Ẹ bo búrẹ́dì yín o! Eku ń bọ̀!"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Bàbá náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó fún bàbá rẹ̀ ní awò, ó sì rìn lọ sílé ẹ̀kọ́ bí ẹni tí ẹ̀gún wọ̀ lẹ́sẹ̀.

Òun fúnra rẹ̀ ló bẹ Màmá Níkẹ́lì pé kí wọ́n bá òun bo ọ̀pá tuntun fún orúnkún bàbá òun.

"Èmi kọ́ ni n ó bò ó," ni Màmá Níkẹ́lì wí. "Ìwọ ni. Èmi á kàn wò ẹ́. Ó ti tó àsìkò."

Wọ́n fi ọṣẹ fọ ọ̀pá náà, wọ́n ṣàn án, wọ́n fi wáyà kọ́ ọ sínú omi táǹkì. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ́ irin pẹlẹbẹ kékeré kan sí. Màmá Níkẹ́lì máa ń pe irin pẹlẹbẹ yìí ní "àbúrò". Kò sí iṣẹ́ tó ń wọ táǹkì rẹ̀ láìní àbúrò. Omi kan náà, iná kan náà, àkókò kan náà. Bí iṣẹ́ bá jáde, àbúrò ni yóò kọ́kọ́ mú, yóò tẹ̀ ẹ́ kọ́dọrọ. Bí awọ níkẹ́lì ara rẹ̀ bá bó, iṣẹ́ náà kò gbọdọ̀ kúrò nílé, ì báà ṣe ti ọba.

Ó ṣí agolo kan. Lẹ́búlẹ́bú dúdú ló wà nínú rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ìwé sáńpépà, ṣùgbọ́n tirẹ̀ kúnná ju àtíkè lọ.

"Gbọ́ dáadáa," ni ó wí. "Níkẹ́lì nìkan máa ń dán, ṣùgbọ́n kò le tó. Orúnkún á tètè jẹ ẹ́. Tí a bá da lẹ́búlẹ́bú yìí sómi, bí níkẹ́lì bá ṣe ń lẹ̀ mọ́ irin, á máa kó o mọ́ra. Òun ló ń sọ ọ́ di líle. Ṣùgbọ́n níkẹ́lì ni ìyá. Lẹ́búlẹ́bú ni ọmọ. Ẹ̀yìn kan ṣoṣo ni ìyá ní. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Màmá."

"Ṣíbí kékeré kan, kó má ga lórí. Kọ́kọ́ fi omi pò ó nínú ife kó má baà ṣù. Kí ẹ̀rọ tó ń ro omi yìí má dúró o, tó bá dúró, gbogbo ẹ̀ á rọ̀ sílẹ̀. Mo fẹ́ gbé irin ọkùnrin oníkẹ̀kẹ́ yẹn lọ fún un. N kò ní pẹ́."

Ó yí ìborùn mọ́rí, ó lọ.

Kò tíì tó àkókò tí ènìyàn fi ń gbá ilé tí orí kan yọ lójú fèrèsé. Ọ̀rẹ́ Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, ọmọ kíláàsì rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Kíákíá, nítorí pé kò mọ bí wọ́n ṣe ń rọra ṣe ohunkóhun. Bí ó bá ń jẹun, bí ẹni tí ilé ń jó ni.

"O ò tíì ṣe tán? Ìdánwò ìṣirò wà lọ́la o! Kí lò ń ṣe?"

"Irin orúnkún bàbá mi ni mo fẹ́ mú le."

"Lẹ́búlẹ́bú inú agolo yìí ló ń mú un le?"

"Òun ni. Ṣíbí kan ni Màmá sọ."

"Ṣíbí kan ke? Bàbá ẹ ni àbí bàbá oníbàárà? Àwọn àgbà ni, wọ́n máa ń ṣún nǹkan lò. Bí ṣíbí kan bá mú un le, agolo kan á sọ ọ́ di àpáta. Dà á síbẹ̀, jàre, ká máa lọ kàwé."

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wo ṣíbí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kéré lójú rẹ̀. Ó gbọ́ ẹ̀rín ilé búrẹ́dì ní etí rẹ̀. Ó ronú pé, bí orúnkún bàbá òun bá di àpáta, kò ní jẹ mọ́ láéláé, kò ní dún mọ́ láéláé, ẹnikẹ́ni kò sì ní pe bàbá òun ní eku mọ́. Ó gbé agolo náà. Ó dà á. Kò fi omi pò ó, kò wọ̀n ọ́n. Ó dà á títí tí agolo fi ṣófo. Ìfẹ́ ni ó fi ṣe é. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé ìyẹn.

Omi tútù náà di bí omi ẹrẹ̀.

Kíákíá ti sáré lọ. Nígbà tí àkókò pé, tí ó yọ ọ̀pá náà jáde, ó rí wúruwùru bí ẹ̀yìn ọ̀pọ̀lọ́. Ó mú àbúrò, ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ báyìí, awọ ara rẹ̀ ṣí bí èèpo alùbọ́sà.

Ibẹ̀ ló ti yẹ kó dúró. Ibẹ̀ ló ti yẹ kó jókòó de Màmá Níkẹ́lì, kó sọ pé, "Mo ti bà á jẹ́." Ìyẹn nìkan náà ni. Màmá á pariwo, á pè é ní olórí kunkun, wọ́n á sì tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà á. Ó mú sáńpépà, ó fi ha ọ̀pá náà, ó fi àkísà nù ún títí ó fi dán bí ojú dígí. Ó ju àbúrò tó bó sínú kòtò ẹ̀yìnkùlé. Ó wá nínú páálí tí Màmá máa ń kó àwọn àbúrò iṣẹ́ àtijọ́ sí, ó mú èyí tó dára kan. Ó pa ẹ̀rọ tó ń ro omi, gbogbo lẹ́búlẹ́bú náà rọra rọ̀ sí ìsàlẹ̀ táǹkì, omi òkè tún padà tutù lójú bíi pé kò sí nǹkan kan.

Màmá Níkẹ́lì dé. Ó mú àbúrò, ó tẹ̀ ẹ́ kọ́dọrọ. Kò bó.

"Hẹn-ẹ̀n!" Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbá ọmọ náà mọ́ra. "Ọwọ́ ẹ ti mọ́ iṣẹ́. Bàbá ẹ á jó."

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò dé ọ̀fun.

Wọ́n ti ọ̀pá náà bọ orúnkún, bàbá wọ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó rìn yíká yàrá. Kò dún. Ó tún rìn. Kẹ́kẹ́ pa. Ó fi ọwọ́ kan orí ọmọ rẹ̀, ó sì wí pé, "Ìwọ lo ṣe èyí?" Omi lé ròrò lójú rẹ̀. Òru yẹn, ọmọ náà kò sùn dáadáa. Ìdánwò ìṣirò tí wọ́n ṣe lọ́jọ́ kejì, àwọn nọ́ńbà ń fò lójú rẹ̀ bí eéṣú.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà. Bàbá gbé páànù gbígbóná, ó ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ilé búrẹ́dì, ni orúnkún bá há. Kò ká, kò nà. Bàbá ṣubú, páànù ń dún lẹ́yìn rẹ̀ láti àtẹ̀gùn dé àtẹ̀gùn. Wọ́n gbé e wálé tòun ti ọrùn ọwọ́ tó wú àti iwájú orí tó bó. Ìyá tó ni ilé búrẹ́dì wá kí i. Kì í ṣe ìkà ènìyàn, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ kó tó lọ: "Sinmi o. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ yẹn kò bá ṣeé gbára lé, n ó ní láti fi ẹlòmíràn síbẹ̀. Búrẹ́dì gbígbóná kì í dúró de ẹnikẹ́ni."

"Ta ló rí ẹ?" ni Kíákíá sọ nígbà tí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un ní ilé ẹ̀kọ́. "Èmi ò rí nǹkan kan o. Pa ẹnu ẹ dé. Tó bá pẹ́, wọ́n á gbàgbé."

Ṣùgbọ́n wọn kò gbàgbé. Màmá Níkẹ́lì fi ọwọ́ lé àyà, ó ní òun yóò rí ẹni tó dá àbúrò òun ọkùnrin mọ́lẹ̀. Ó mú bàbá, ó mú Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ó mú irin pẹlẹbẹ náà lọ́wọ́, ó kọrí sọ́dọ̀ Bàbá Ẹlẹ́sẹ̀.

Bàbá Ẹlẹ́sẹ̀ ni àgbàlagbà tó ṣe ẹsẹ̀ náà. Yàrá iṣẹ́ rẹ̀ kún fún ẹsẹ̀ lára ògiri, ẹsẹ̀ àgbà, ẹsẹ̀ ọ̀dọ́, àti bàtà tí kò ní ìkejì. Lórí tábìlì, ẹsẹ̀ ọmọdé kan wà tí kò tíì parí, kò gùn ju ìgbákọ lọ. Ó tú orúnkún bàbá wò. Lẹ́búlẹ́bú dúdú dà sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Awọ ara ọ̀pá náà ti bó kélekèle.

"Awọ yìí kò dúró," ni ó rọra wí.

"Awọ wo?" Màmá Níkẹ́lì na irin pẹlẹbẹ náà síwájú. "Ẹ wò ó, bàbá! Àbúrò rẹ̀ nìyí. Ẹ fọwọ́ ara yín tẹ̀ ẹ́. Ó bó ni? Ihò tí ẹ dá sí orúnkún yẹn ló fún jù, òun ló bó o láwọ!"

Àgbàlagbà náà gba irin náà. Ó tẹ̀ ẹ́. Ó tún tẹ̀ ẹ́ sí apá kejì. Kò bó. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì bí ẹni tó ń wo àlejò.

"Bóyá lóòótọ́ ni," ni ó wí. "Ojú mi kì í ṣe ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Bóyá mo ti dá ihò náà fún jù tí n kò mọ̀. Ẹ má bínú." Ó gbé ẹsẹ̀ ọmọdé tó wà lórí tábìlì, ó fi aṣọ wé e, ó gbé e sórí àjà. "Kí ẹlòmíràn parí èyí. N kò fẹ́ dá ọmọ ọlọ́mọ ṣubú."

Bàbá Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ní, "Tí ẹ bá dáwọ́ dúró, ta ni yóò ṣe tèmi?"

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wo ẹsẹ̀ kékeré tí wọ́n fi aṣọ wé bí òkú. Ó wo bàbá rẹ̀ tó jókòó lórí àpótí, tí ṣòkòtò ẹsẹ̀ kan rẹ̀ rọ̀ gẹ́lẹ́ńgẹ́. Eékún rẹ̀ kan ilẹ̀ kí ó tó mọ̀.

"Màmá, àbúrò yẹn kọ́."

"Kí ni kọ́?"

"Àbúrò ọ̀pá bàbá mi kọ́ nìyẹn. Mo pààrọ̀ ẹ̀. Èyí tó jẹ́ tiẹ̀ gan-an bó, mo jù ú nù. Gbogbo agolo ni mo dà sómi. Bàbá Ẹlẹ́sẹ̀ ò ṣe nǹkan kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ẹsẹ̀ yẹn wálẹ̀."

Màmá Níkẹ́lì kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ náà níwájú àgbàlagbà. "Ẹ foríjì mí, bàbá. Mo gbé irọ́ wá bá yín, mo sì ń pariwo lé e lórí."

"Ẹ dìde, ẹ dìde," ni Bàbá Ẹlẹ́sẹ̀ ń wí, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbé ẹsẹ̀ kékeré náà bọ̀ láti orí àjà.

Bàbá Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ nìkan ni kò mira. "Gbogbo agolo?" ni ó bèèrè. "Kí ló dé?"

"Wọ́n ń pè yín ní eku." Ẹkún gba ohùn lọ́wọ́ rẹ̀. "Mo gbọ́ ọ. Mo fẹ́ kó le títí láé."

Bàbá náà wò ó. Lẹ́yìn náà ni èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Wọ́n rò pé ó ń sunkún, àfi ìgbà tí wọ́n rí i pé ẹ̀rín ni, tàbí méjèèjì.

"Ọmọ mi, eku yẹn ti jẹ nínú búrẹ́dì wọn tipẹ́! Èmi ni mo kọ́kọ́ pe ara mi bẹ́ẹ̀. Wá." Ó fi ọwọ́ tí kò dùn ún fà á mọ́ra. "Ìṣubú dùn mí. N kò ní purọ́ fún ẹ. Ṣùgbọ́n pé o mọ̀ pé ó ti bàjẹ́, tí o sì jẹ́ kí n gbé ara mi lé e, ìyẹn ló dùn mí jù. Má ṣe é sí mi mọ́."

"N ò ní ṣe é mọ́, bàbá mi."

Nígbà tí wọ́n padà dé ilé iṣẹ́, Màmá Níkẹ́lì fi ọ̀pá ro ìsàlẹ̀ táǹkì. Ohun tó gbé jáde ṣù mọ́ra bí ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ odò.

"Wò ó," ni ó wí. Kò pariwo mọ́. "Tí wọ́n bá ti pọ̀ jù, ara wọn ni wọ́n ń dì mọ́, wọn kì í dì mọ́ ìyá wọn. Ibi tí wọ́n ṣù sí, níkẹ́lì ò lè wọ àárín wọn. Ibẹ̀ ló ti ń sán, ibẹ̀ ló ti ń bó. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Má kàn gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ lásán. Dán an wò."

Wọ́n fi aṣọ sẹ́ omi náà títí ó fi mọ́. Fún ọjọ́ pípẹ́, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ kò fọwọ́ kan iṣẹ́ kankan ju àbúrò lọ. Èyí tí kò fi lẹ́búlẹ́bú sí rárá dán, ṣùgbọ́n ṣóńṣó ìṣó ha á wẹ́rẹ́. Èyí tí ó fi díẹ̀ sí le díẹ̀. Èyí tí ó fi ṣíbí kan sí, tó fi omi pò, tí ẹ̀rọ kò sì dúró, ìṣó yọ̀ lórí rẹ̀ bí ẹsẹ̀ lórí yìnyín, ó tẹ̀ ẹ́, kò bó. Bí ó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, awọ á tún bẹ̀rẹ̀ sí í rí wúruwùru. Ó gbé èyí tó bó àti èyí tí kò bó fún Màmá Níkẹ́lì papọ̀, kò fi ìkankan pamọ́.

Ìgbà náà ni wọ́n tó jẹ́ kí ó bo ọ̀pá mìíràn. Bàbá Ẹlẹ́sẹ̀ ló fọwọ́ ara rẹ̀ tì í bọ orúnkún.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ kò fara sin, ẹ̀yin ọmọ. Ohun rere náà ní ìwọ̀n, bí a bá dà á kọjá ìwọ̀n, á di ohun búburú, ì báà jẹ́ ìfẹ́ ló dà á. Ẹni tó bá ba iṣẹ́ jẹ́, tó sì sọ ọ́, irin lásán ló bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi dídán bo àṣìṣe, ara ẹlòmíràn ni àṣìṣe náà yóò ti ṣí.

Ọjọ́ tí bàbá padà sẹ́nu iṣẹ́, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ sìn ín dé ìdí àtẹ̀gùn. Ìyá tó ni ilé búrẹ́dì dúró lókè, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà, ó ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú páànù, tó tún gòkè, tó tún sọ̀kalẹ̀.

"Ó dára," ni ìyá náà wí nígbẹ̀yìn. "Ó dára gan-an. Ta ló ṣe é?"

"Ọmọ mi nìyí. Òun ló ṣe é."

"O kú iṣẹ́ o, ọmọ dáadáa." Ó yíjú sí bàbá. "Èyí tó dá ẹ ṣubú lọ́jọ́sí wá ń kọ́? Ta ló ṣe ìyẹn?"

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wolẹ̀. Ó la ẹnu láti dáhùn. Bàbá rẹ̀ ti gbé páànù mìíràn.

"Búrẹ́dì ń tutù," ni bàbá náà wí.

"Mo ní, ta ló ṣe é?"

Bàbá náà wo ojú ìyá oníbúrẹ́dì, ó wo ojú ọmọ rẹ̀, kò fẹ́ dárúkọ ọmọ náà, ó sì ń sọ̀kalẹ̀ lọ.